Ọ̀mọ̀wé Yang Jwing-Ming: Onímọ̀ Ẹ̀rọ Tó Kọ Ọgbọ́n Ìjà Sílẹ̀

Ìfáárà

Ẹni tó bá ti ń ka ìwé lórí ọgbọ́n ìjà àwọn ará Ṣáínà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò ti pàdé orúkọ kan léraléra lára èèpo ìwé: Dr. Yang, Jwing-Ming. Orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ṣíwájú gẹ́gẹ́ bí àṣà Ṣáínà, wọ́n sì fi kọ́mà sí i lẹ́yìn kí àwọn ará Amẹ́ríkà má baà mú un fún orúkọ àbísọ. Oyè tó wà níwájú orúkọ náà ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nítorí pé èémí, eegun, iṣan àti ìlera kún inú àwọn ìwé náà, òǹkàwé a máa rò pé oníṣègùn ni ọkùnrin yìí. Kì í ṣe oníṣègùn. Yunifásítì Purdue ní ìpínlẹ̀ Indiana ló fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní mechanical engineering. Ẹ̀ka yìí ló ń wádìí bí ipá ṣe ń ti nǹkan, bí ó ṣe ń fà á, bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tí yóò ṣẹ́ ẹ.

Ó rọrùn láti pín ìgbésí ayé rẹ̀ sí méjì: ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ títí di ọdún 1984, lẹ́yìn náà ó pa iṣẹ́ oṣù tì, ó di ọ̀gá ìjà. A kò rò pé ìtàn náà rí bẹ́ẹ̀. Ìjà ló kọ́kọ́ kọ́ kí ó tó kọ́ ẹ̀rọ, nígbà tó sì kúrò nílé iṣẹ́, kò fi ojú onímọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ojú yìí ló fi tú ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ palẹ̀, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó lé ní ọgbọ̀n. Lẹ́yìn gbogbo ìwé wọ̀nyí, ó tún gba orí òkè lọ láti ṣe ohun tí ìwé kò lè ṣe. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ṣe so mọ́ ara wọn ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ará Táíwàn fi kan ẹni tó ń ṣèwádìí lórí Yorùbá kò jìnnà. Gbogbo àwa tí à ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn àgbà, ìbáà jẹ́ onílù, babaláwo tàbí agbẹ́gilére, la mọ̀ pé ohun tó wọ inú ẹ̀rọ kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ àgbà. Ìmọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ara ló mọ̀ ọ́n, ẹnu kò mọ̀ ọ́n tán. Yang kò bá ìṣòro yìí pàdé gẹ́gẹ́ bí olùwádìí tó ti òde wá. Òun fúnra rẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́, òun náà ló sì ń kọ ìwé.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yẹ kí a là

Láti ìgbà tí sinimá Bruce Lee ti wọ àwọn ìlú wa, kung fu ti di ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́nu wa kò ju kí ènìyàn fò sókè kí ó sì ta ẹlòmíràn nípàá lọ. Ṣùgbọ́n lédè Ṣáínà, gongfu kò ní ìjà nínú rárá. Ohun tó ń tọ́ka sí ni ìmọ̀ọ́ṣe tí ènìyàn fi àkókò gígùn àti làálàá rà. Alásè lè ní gongfu, ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà Ṣáínà lè ní in, a sì lè sọ pé onímọ̀ ẹ̀rọ ní in. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọgbọ́n ìjà gan-an ni wushu. A fi èyí ṣíwájú nítorí pé bí a bá gba gongfu ní ìtumọ̀ rẹ̀ tòótọ́, kò ní yà wá lẹ́nu mọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Èkejì ni shifu, orúkọ tí ọmọ ẹ̀kọ́ ń pe ọ̀gá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, apá kìn-ín-ní jẹ́ olùkọ́, apá kejì jẹ́ bàbá. Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ọmọ tí wọ́n fi sẹ́nu iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kì í kọ́ iṣẹ́ nìkan. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń fẹ́ iná, ó ń gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń bá oníbàárà sọ, ó sì lè pé ọdún kan kí ọ̀gá tó jẹ́ kó gbá irin gidi. Bákan náà ni ti ọmọ ẹ̀kọ́ shifu. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ọjọ́ ìtúsílẹ̀ wà, ọjọ́ tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́ tí yóò sì jẹ́ kó lọ dá dúró. Ní ti shifu, bí ọmọ ẹ̀kọ́ tilẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ọmọ ni yóò máa jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ayé.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Qi ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìwé Yang ń yí ká. Afẹ́fẹ́ ni, oruku omi gbígbóná ni, èémí ni, okun inú ara náà ni. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èémí, ó di ohun tó ń gba imú wọlé nìkan. Bí a bá pè é ní ẹ̀mí, ọkàn Yorùbá yóò lọ sọ́dọ̀ Olódùmarè àti sí ohun tó ń fi ara sílẹ̀ lọ́jọ́ ikú, èyí kò sì sí lára ohun tí wọ́n ń wí. Agbára náà fẹ̀ jù. Nítorí náà qi ni a óò máa pè é níhìn-ín, bí a ti ń pe àṣẹ ní àṣẹ nígbà tí a bá ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ erékùṣù tí ọ̀nà méjì pàdé

Ọdún 1946 ni wọ́n bí Yang ní agbègbè Hsinchu, ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Táíwàn. Jàpáánù tó fi àádọ́ta ọdún ṣàkóso erékùṣù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní 1945 ni. Ní 1949, ìjọba tí àwọn Kọ́múnísì ṣẹ́gun lórí ilẹ̀ Ṣáínà kó ara rẹ̀ wá sí Táíwàn, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìdílé wọn. Àwọn ọ̀gá ìjà wà láàárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Han Ching-Tang, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Central Guoshu Institute, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Nanjing ní 1928 láti kó àwọn ọ̀nà ìjà oríṣiríṣi jọ sójú kan.

Kí àwọn wọ̀nyí tó dé, àwọn tó ti ṣí wá láti ìpínlẹ̀ Fujian ní ìran bí ìran sẹ́yìn ti gbé ọgbọ́n ìjà tiwọn wá sí erékùṣù náà. Ti ará gúúsù ni: wọ́n a fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣinṣin, wọ́n a sì fi ọwọ́ jà láàyè tó há. Ti ará àríwá yàtọ̀, ìṣísẹ̀ wọn gùn, ìpá wọn ń dé òkèèrè. Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn a máa sọ pé ọwọ́ ni ti gúúsù, ẹsẹ̀ ni ti àríwá. Ogun ló kó méjèèjì pọ̀ sí Táíwàn. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tí Yang bá di atìpó ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tó gbé lọ ti jẹ́ ẹrù àwọn atìpó kí ó tó kàn án.

Ọmọ ọdún 15 ni, ní 1961, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Cheng Gin-Gsao, ọ̀gá ìjà Ẹyẹ Funfun. Ẹyẹ tí wọ́n ń sọ ga, ẹsẹ̀ àti ọrùn rẹ̀ gùn. Ó jọ lékeléke, ṣùgbọ́n ó ga jù ú lọ fíìfíì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Fang Qiniang ní Fujian ló dá ọ̀nà ìjà náà sílẹ̀ lẹ́yìn tó fi igi lé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ náà sì ń yẹ igi náà sílẹ̀ láìsá. Ọdún 13 ni Yang fi wà lọ́dọ̀ Cheng. Kì í ṣe ìkúùkù nìkan ló kọ́: ó kọ́ idà, ọ̀pá àti ọ̀kọ̀, ó kọ́ bí a ṣe ń di oríkèé ọ̀tá mú, bí a ṣe ń fọwọ́ ra ara fún ìwòsàn, àti lílo egbòogi. Ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ eegun gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó padà. Ní ọmọ ọdún 16, ó tún bẹ̀rẹ̀ taijiquan lọ́dọ̀ Kao Tao, ìyẹn ọ̀nà ìjà tí àwọn àgbàlagbà ń fi ara ṣe ní jẹ̀lẹ́ńkẹ́ ní ọgbà ìtura láàárọ̀.

Ní 1964 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Tamkang láti kọ́ físíìsì. Níbẹ̀ ló ti bá Li Mao-Ching pàdé nínú ẹgbẹ́ ọgbọ́n ìjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ Han Ching-Tang tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni Li. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Yang ti gba ti àríwá, tí wọ́n ń pè ní Ìkúùkù Gígùn ti Shaolin. Báyìí ni ọmọdékùnrin kan ṣoṣo ṣe di ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Ó gba oyè másítà nínú físíìsì ní National Taiwan University ní 1971, ó sì wọ iṣẹ́ ológun òfuurufú fún ọdún kan. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un níbẹ̀ ni kí ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ológun ní físíìsì. Ó sì ń kọ́ wọn ní wushu pẹ̀lú. Ní 1972 ó padà sí Tamkang gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ físíìsì, ó tún padà sọ́dọ̀ Li gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́. Nínú ọgbà kan náà, ó jẹ́ olùkọ́ níwájú àwọn kan, ó sì jẹ́ ọmọ iṣẹ́ níwájú ẹlòmíràn. Kò dà bí ẹni pé ó rí ìtakora kankan nínú rẹ̀.

Atìpó ní Indiana

Ìgbà kan wà tí Amẹ́ríkà kò fẹ́ rí ará Ṣáínà sójú. Òfin ọdún 1882 ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fagi lé e ní 1943, iye tí wọ́n gbà láàyè kò ju ènìyàn 105 lọ lọ́dún. Òfin ọdún 1965 ló yí èyí padà, tó sì fi ààyè fún àwọn tó ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ Táíwàn tó jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga ti ń wọ́ lọ sí Amẹ́ríkà. Yang bá wọn lọ ní 1974, ó gba Purdue lọ láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Àsìkò tó dé bọ́ sí i. Bruce Lee kú ní oṣù keje ọdún 1973, sinimá rẹ̀ Enter the Dragon jáde ní ọdún kan náà, eré tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ́ Kung Fu sì ń lọ lọ́wọ́ láti 1972. Gbogbo ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ló ń fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n tọkàntọkàn kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi mélòó kan bẹ Yang pé kí ó kọ́ àwọn, ní ìgbà ìrúwé 1975, ẹgbẹ́ ìwádìí kung fu ti Purdue sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí yunifásítì náà fi gbà kí ó máa kọ́ni ní taijiquan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gba máàkì lé lórí.

Ọ̀pọ̀ atìpó ni nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kúrò nílé ni ìwé ẹ̀rí. Ohun tí ilẹ̀ àjèjì rí lára wọn ni ohun tí wọ́n bá wọn bí. Àwọn ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n wá di onílù tàbí olùkọ́ ijó níbẹ̀ yóò mọ ohun tí à ń wí. Ewu tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọjà lè sọ ohun náà di eré. Ọ̀nà tí Yang gbà yẹ ewu yìí sílẹ̀ ni pé ó pe ẹgbẹ́ náà ní ẹgbẹ́ ìwádìí, ó sì ń wádìí lóòótọ́.

Lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, ó lọ sí Houston ní 1980, ó ṣiṣẹ́ fún Texas Instruments, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ńlá, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìjà sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún náà ni ìwé rẹ̀ Shaolin Chin Na jáde. Ó ṣí lọ sí Boston ní 1982, ó dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí YMAA sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní oṣù kìn-ín-ní 1984, ó fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ pátápátá. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo ìpinnu yìí. Atìpó tó ní oyè ọ̀mọ̀wé, tó ti rí iṣẹ́ olówó oṣù ní orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé kò tíì ju ogún ọdún lọ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún irú rẹ̀, ló pa á tì láti máa kọ́ni ní bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń mí. Ní ilé wa, ẹbí ì bá pe ìpàdé lé e lórí.

Ohun tí ojú ẹ̀rọ rí

Láti mọ ohun tó fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe, ibi tó dára jù láti wò ni qin na, ọgbọ́n dídi ọ̀tá mú, èyí tí òun ń kọ ní Chin Na nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́. Bí ọ̀gá ṣe ń kọ́ni ní èyí láyé àtijọ́ ni pé yóò di ọwọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ mú, yóò yí i, ọmọ ẹ̀kọ́ yóò wólẹ̀, yóò sì gbìyànjú láti ṣe é fún ẹlòmíràn. Bí kò bá mú un, ọ̀gá yóò tún yí ọwọ́ rẹ̀. Orúkọ ìdìmú kọ̀ọ̀kan a máa dùn gbọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ.

Yang kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó sì tò ó gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìdìmú kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ara. Àwọn kan ń ya iṣan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nípa yíyí àti títẹ̀. Àwọn kan ń yẹ eegun kúrò ní ipò rẹ̀. Àwọn kan ń sé èémí. Ìyókù ń tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí àwọn ojú ibi tí wọ́n gbà pé qi ń gbà kọjá. Àwọn orúkọ ìsọ̀rí wọ̀nyí ti wà nínú àṣà tẹ́lẹ̀; ohun tó ṣe tuntun ni pé ó fi wọ́n ṣe àtẹ tí ènìyàn lè wò kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé: ìdìmú tí mo mọ̀ yìí, kí ni ó ń bà jẹ́ gan-an?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo kí a sì wò ó dáadáa. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan na ọwọ́ sí ọmọbìnrin kékeré. Ọmọbìnrin náà di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó na apá náà gbọọrọ, ó sì gbé apá tirẹ̀ lé ẹ̀yìn ìgúnpá rẹ̀. Láti ìgbà náà, apá ọkùnrin yìí kì í ṣe apá mọ́, igi ni. Gbogbo ẹni tó bá ti fi igi gígùn yí òkúta lóko mọ̀ pé kì í ṣe agbára ẹni tó di igi mú ló ń gbé òkúta. Gígùn igi náà ni, àti ibi tí wọ́n fi igi náà lé. Èjìká ọkùnrin náà wà ní orí kan, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wà ní orí kejì, ibi ìfilé sì wà ní ìgúnpá. Bí ọmọbìnrin náà bá fa ọrùn ọwọ́ sókè díẹ̀, tó sì tẹ ìgúnpá sísàlẹ̀ díẹ̀, ìgúnpá yóò gba ipá tó pọ̀ ju èyí tí ọwọ́ kékeré náà lò lọ. Ìgúnpá kì í ká sẹ́yìn. Ọkùnrin náà ní láti tẹ̀ síwájú tàbí kí apá rẹ̀ ṣẹ́. Bí ọmọbìnrin náà bá sún ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní ìgúnpá sórí iṣan òkè rẹ̀, ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré, ìdìmú náà ti bàjẹ́, nítorí pé ibi ìfilé ti yẹ̀.

Nínú ìwé Yang, ìwọ̀n ìka mẹ́ta yẹn ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ó ń ya àwòrán rẹ̀, ó ń fi ọfà tọ́ka ibi tí ipá kọrí sí, ó ń sọ ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀gá àtijọ́ mọ̀ ọ́n, kò sí àní-àní. Ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá kú kí ọwọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ tó mọ̀ ọ́n, ó ti lọ nìyẹn, ìran tó tẹ̀ lé e yóò sì máa ṣe ìdìmú tó lẹ́wà tí kò mú ẹnikẹ́ni. Èyí kì í ṣe àsọdùn. Àwọn ọ̀gá kan a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó ṣe kókó pamọ́ kí ọmọ ẹ̀kọ́ má baà dojú ìjà kọ wọ́n, bí ìran mẹ́rin bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ léra, èèpo nìkan ni yóò kù. Ó lé ní ìwé kan tí Yang ti kọ ọ́ pé ìfipamọ́ báyìí ló ń pa ọgbọ́n náà.

Irú ojú kan náà ló fi wo jin, ipá tí oníjà ń ju síta. Ó pín in sí mẹ́ta: líle, rírọ̀, àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní rírọ̀ tó sì parí ní líle. Ti Ẹyẹ Funfun wà ní ìsọ̀rí tó kẹ́yìn yìí, pàṣán sì ni àfiwé rẹ̀. Ẹni tó na pàṣán kò sáré, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yára tó bí ènìyàn ṣe rò. Ìṣípòpadà náà bẹ̀rẹ̀ níbi tó nípọn, ó ń rìn lọ síbi tó tínrín, bí ibi tó ń gbé e ṣe ń fúyẹ́ sí i ni eré rẹ̀ ń le sí i, títí tí ṣóńṣó yóò fi dún pàá. Nínú ara, ẹsẹ̀ ni ibi tó nípọn, ìka ni ṣóńṣó, ìbàdí àti ẹ̀yìn ló wà láàárín. Bí èjìká bá le koránkorán, pàṣán ti ní kókó nínú, ìgbì yóò sì dá dúró síbẹ̀. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi ń sọ fún ọmọ ẹ̀kọ́ pé kí ó dẹ èjìká. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ ló ti gbọ́ àṣẹ náà nígbà ẹgbẹ̀rún láìgbọ́ ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí iṣẹ́ rẹ̀ fi jọ tiwa. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ kó ìmọ̀ wọn sínú ọ̀rọ̀ àkọ́sórí kúkúrú, tó ní ìlù nínú, tó sì ṣókùnkùn sí ẹni tí wọn kò kọ́. Yang a máa tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde lédè Ṣáínà, yóò túmọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, yóò wá fi àlàyé tirẹ̀ sábẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe ń tẹ ẹsẹ Ifá. Ẹni tí kò bá gba àlàyé náà ṣì ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níwájú rẹ̀ tí yóò fi bá a jiyàn.

Ibi tí a kò ti lè bá a rìn

Ojú ẹ̀rọ kan náà ló gbé e dé ibi méjì tí a rò pé ó yẹ kí òǹkàwé ṣọ́ra.

Èkínní ni qi. Yang gbà pé qi kò yàtọ̀ sí iná mànàmáná tó wà nínú ara ẹ̀dá, ó sì fi ibi kan lábẹ́ ìdodo wé bátìrì tó ń tọ́jú rẹ̀. Òótọ́ ni pé iná mànàmáná wà nínú ara. Òun ni dókítà ń wọ̀n nígbà tó bá so wáyà mọ́ àyà aláìsàn láti mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé orí pé òun ni ohun tí àwọn ará Ṣáínà àtijọ́ ń pè ní qi, ọ̀nà ṣì jìn, físíìsì kò sì tíì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ní ti ìgúnpá àti pàṣán, àfiwé náà ṣe é dánwò: ẹ sún ọwọ́ ní ìka mẹ́ta, ẹ óò rí i. Ti bátìrì kò ṣe é dánwò lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ó lè ran ọmọ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ láti kó ọkàn rẹ̀ jọ, ìyẹn kò sì kéré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àfiwé ló ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ ìwọ̀n. Ìdẹwò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó ń sọ pé kọ̀ǹpútà ni Ifá nítorí pé méjèèjì ń lo àmì méjì péré wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Èkejì ni ìtàn. Nínú ìwé tó kọ ní 1989 lórí Yijin Jing àti Xisui Jing, ó tẹ̀ lé àṣà tó sọ pé Bodhidharma, àlùfáà Búdà tó ti Íńdíà wá, ló kọ́ àwọn ará Shaolin ní ìdárayá náà. Àwọn òpìtàn bíi Tang Hao, àti Meir Shahar lẹ́yìn rẹ̀, ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó wà nínú Yijin Jing kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n fi orúkọ wọn sí i, àti pé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ìwé náà ti jẹ yọ, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Bodhidharma. Ọmọ iṣẹ́ a máa gba ìtàn ilé ọ̀gá rẹ̀ gbọ́. Ó dùn wá díẹ̀ pé ẹni tó yẹ ìdìmú wò fínnífínní kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ yẹ ìtàn ilé náà wò.

Orí òkè

Ní oṣù kẹta ọdún 1986 ni Yang ra ilé kan ní àdúgbò Jamaica Plain ní Boston fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ìwé ti ń jáde lọ́dọọdún, fídíò sì tẹ̀ lé e. Wọ́n túmọ̀ àwọn ìwé náà sí oríṣiríṣi èdè ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀ka ẹgbẹ́ sì dìde ní àwọn ìlú tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Bí a bá fi iye ìwé wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ náà ti yọrí. Àṣírí ti jáde, ẹnikẹ́ni tó bá ní owó ìwé lè ní in.

Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti yí padà nìyí. Ẹni tó ra ìwé ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta náà lórí bébà, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń wá sí ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ń wá pẹ̀lú àárẹ̀, ó ń wá fún wákàtí díẹ̀, ó sì ń padà sílé. Yang alára ti lo ọdún 13 lọ́dọ̀ Cheng kí ó tó kọ ìwé kankan. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá ya àwòrán ẹ̀rọ mọ̀ pé àwòrán kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rọ irin.

Ó ra ilẹ̀ 240 éékà nínú igbó olókè ní Humboldt, ní àríwá Kalifọ́níà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́wàá níbẹ̀ ní 2008 pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí ó ṣà. Wọn kì í wá kí wọ́n sì padà sílé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń jí síbẹ̀, wọ́n ń sùn síbẹ̀. Ẹyẹ Funfun, Ìkúùkù Gígùn àti taijiquan, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà lọ́wọ́ ọ̀gá mẹ́ta ní Táíwàn, ni wọ́n ń kọ́. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ètò náà yóò sì gbé e kọjá àádọ́rin.

A lè sọ pé ó padà sí ohun tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ ń ṣe, pé ìwé ti kùnà. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú tiwa. Àwọn ọ̀dọ́ tó gun òkè náà kò dà bí Yang tó lọ bá Cheng ní 1961 láìní nǹkan lọ́wọ́. Ìwé rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lè bi í ní ìdí tí ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ wà níbí, kí ó má sí lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ìwé ni láti mú kí ìbéèrè náà ṣe é bi. Ara ọ̀gá tó wà nítòsí ni yóò dáhùn rẹ̀. Ohun tó sì ní kí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó wá, iṣẹ́, ilé, ọ̀rẹ́, owó oṣù, kò pọ̀ ju ohun tí òun fi sílẹ̀ nígbà tó kúrò ní Táíwàn ní 1974 àti nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ ní 1984. Kò gbogbo wọn ló dúró dé òpin. Yang kò sì jáwọ́ nínú ìwé kíkọ ní gbogbo ìgbà tó fi wà lórí òkè yìí.